Ọta Mẹ́ta Lórí Pápá Bàbá Gbòà

Ẹ wò ó, kò sí ẹni tó lè purọ́ tó ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti pápá ìyìnbọn dé. Apẹja náà ń gbìyànjú, ṣùgbọ́n ẹja á jẹrà, wọ́n á dà á nù, ọ̀rọ̀ á tán. Bébà tí ọta lu kì í jẹrà ní tiẹ̀. Ayìnbọn á ṣa èyí tó dáa jù nínú ogún bébà, á ká a sí mẹ́rin, á tì í bọ àpò ẹ̀yìn, tó bá di ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, á ṣì máa yọ ọ́ han àlejò. Mọ́kàndínlógún yòókù ńkọ́? Ẹ má bi í, kó má baà bínú.

Torí irú àwọn èèyàn báyìí ni ẹgbẹ́ ayìnbọn fi gba Ìyá Rúlà síṣẹ́. Ìyá Rúlà ò bí ọmọ kankan tó ń jẹ́ Rúlà o. Ọmọbìnrin méjì ló bí, àwọn méjèèjì sì lórúkọ tó dáa. Àmọ́ rúlà irin kan wà tí kì í kúrò lọ́wọ́ ẹ̀, àwọn ayìnbọn sì máa ń sọ pé bí rúlà yẹn bá jẹ́ èèyàn ni, ì bá ti gboyè ní yunifásítì. Obìnrin ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì ni, yàrá ẹ̀ kò ju yàrá ìdáná lọ: tábìlì kan, iná kan tó tẹ̀ ba tábìlì, awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, àti fèrèsé kan tó dojú kọ pápá. Tí èèyàn bá ti yìnbọn tán, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ló ń gbé bébà lọ bí ọmọ iléèwé tó gbé èsì ìdánwò lọ fún ìyá ẹ̀. Á fi rúlà wọn ihò tó jìnnà síra wọn jù, á kọ ọ́ sínú ìwé, ó parí. Bébà tí ihò inú ẹ̀ ò bá pé mẹ́wàá, kì í fọwọ́ kàn án. Á ní, "Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta kì í ṣe ẹ̀rí. Oríire ni." Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí, wọ́n bú u títí, kò gbà.

Bàbá tó bí i lọ́mọ gan-an ni olùkọ́ pápá náà. Ogójì ọdún ló ti ń kọ́ èèyàn níbẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà ò sì kúrò nínú àpò ẹ̀ láti ọjọ́ yẹn. Bàbá Gbòà ni gbogbo ayé ń pè é, torí ọta tó fẹ́ràn. Ọta ńlá ni, ó gùn tó ìka àárín àgbàlagbà, ó sì ki ju ìka náà lọ. Tó bá dún pẹ́rẹ́, ẹyẹ á fò kúrò lórí igi, gíláàsì á gbọ̀n nínú kọ́bọ́ọ̀dù, obìnrin tó ń ta búrẹ́dì ní òdìkejì títì á sì sọ fún oníbàárà ẹ̀ pé aago mẹ́jọ ti lù. Bàbá ò gbà pé ọta mìíràn wà láyé. "Ọta kékeré, ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ ẹran," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí. "Ọta ńlá, àṣẹ ló ń pa fún un."

Ó dáa. Lọ́dún yẹn, ẹgbẹ́ ṣòfin tuntun kan. Wọ́n ní olùkọ́ tó bá ti lé ní àádọ́rin ọdún gbọ́dọ̀ máa ṣe ìdánwò lọ́dọọdún: ogún ọta, igba mítà, òbìrìkítí kan tí kò fẹ̀ ju abọ́ oúnjẹ lọ. Mẹ́rìndínlógún gbọ́dọ̀ wọ inú ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì péré lèèyàn lè gbìyànjú. Bàbá Gbòà ti pé mọ́kànléláàádọ́rin. Ó fi òfin náà rẹ́rìn-ín, ó gbé ìbọn ńlá ẹ̀ lọ sójú ìlà, ó yìn ín lógún ìgbà, mọ́kànlá ló wọlé.

Ta ló wọ̀n ọ́n? Ọmọ ẹ̀ ni. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló kà á, tó ń retí pé bóyá ihò kan sá pamọ́ síbì kan. Mọ́kànlá ni. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tó délé àwọn òbí ẹ̀, ìyá ẹ̀ dá a dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Ṣé o ò lè kọ mẹ́rìndínlógún ni?"

"Màmá, mọ́kànlá ni."

"Mo mọ̀ pé mọ́kànlá ni. Ohun tí mo bi ẹ́ kọ́ nìyẹn."

Ìgbìyànjú kejì ku ọ̀sẹ̀ kan. Tí Bàbá bá tún kùnà ní ọjọ́ Ẹtì, á kó kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, á máa lọ sílé, ó tán. Ẹ̀rù sì ń ba Ìyá Rúlà gidi gan-an. Kò bẹ̀rù nítorí oúnjẹ, wọ́n á jẹun. Ohun tó ń bẹ̀rù ni pé kò mọ ohun tí bàbá ẹ̀ lè fi ọ̀sán ṣe bí kò bá sí ẹni tó ń kọ́. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀fìnkìn dá a dúró sílé fún ọjọ́ márùn-ún péré. Ó to gbogbo abọ́ ìyàwó ẹ̀ bí wọ́n ṣe ga síra wọn, ó bá géètì jà torí pé kì í tì dáadáa, ó tún kọ́ ọmọ aládùúgbò bí wọ́n ṣe ń mí sínú. Ìyàwó ẹ̀ ní bó bá fi pé ọjọ́ mẹ́fà, òun ni òun máa kó lọ sí pápá ìyìnbọn.

Bàbá fúnra ẹ̀ ò gbà pé òun ní ìṣòro kankan. Atẹ́gùn ni. Rárá, bébà ni, bébà ìsinsìnyí ò dáa. Ó ra awò ojú tuntun, ó ní kò dáa, ó ra òmíràn. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ wí fún un?

Ọ̀sẹ̀ kan náà ni ọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó dé. Àwọn méjìlá ni, iṣẹ́ wọn ni láti lé ìmàdò kúrò nínú oko àwọn èèyàn lẹ́yìn ìlú. Irú ìbọn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n pín láàárín ara wọn, ọta ẹnìkan ò bá ìbọn ẹnìkejì mu, tí ti ẹnìkan bá tán nínú igbó, kó máa sáré ni. Wọ́n wá bẹ ẹgbẹ́ pé kí wọ́n bá àwọn mú ọta kan ṣoṣo tí gbogbo àwọn á jọ máa lò. Alága ẹgbẹ́, tó jẹ́ dókítà eléyín, tó sì máa ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ ṣì wà lẹ́nu èèyàn, ní kò le: kí wọ́n kó ọta mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá sí pápá ní Ọjọ́rú, kí wọ́n fi wọ́n wéra. Kékeré, àárín, ńlá. Ìbéèrè mẹ́ta ni kí ọta kọ̀ọ̀kan dáhùn. Ṣé ibi tí wọ́n rán an ló ń lọ? Báwo ló ṣe lè jìnnà tó kó tó sú u? Tó bá sì débẹ̀, iṣẹ́ wo ló lè ṣe?

"Kí lẹ fẹ́ fi wéra níbẹ̀?" Bàbá Gbòà bi wọ́n. "Ẹ bi mí léèrè, kẹ́ ẹ máa lọ sílé."

Èèyàn mẹ́ta ló yìnbọn ní Ọjọ́rú yẹn: Bàbá, Alága, àti ọ̀gá àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó, ọkùnrin kan tó fẹ̀ tó ẹnu ọ̀nà, tí wọ́n ń pè ní Géńdé. Ìyá Rúlà kó ìdétí tí wọ́n fi ń dènà ariwo fún wọn, ó ka òfin ẹ̀. Mẹ́wàá mẹ́wàá ni. Kò sí pé èyí tó bà jẹ́ kì í ṣe tèmi. Kò sí pé kòkòrò bà lé mi nímú.

Ní ọgọ́rùn-ún mítà, ọta kékeré ṣe dáadáa débi pé ó ń dun Bàbá. Ní igba mítà, kékeré àti àárín jọ ń du ipò. Nígbà tí wọ́n dé irinwó mítà ni ọ̀rọ̀ wá yí padà. Atẹ́gùn díẹ̀ fẹ́, ó gbé ọta kékeré lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ìgbà tí wọ́n fa ọmọ kékeré lọ́wọ́ sọ́jà. Ọta ńlá ò ka atẹ́gùn sí púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́, ó ń jábọ́ sísàlẹ̀, àfi kéèyàn nàka sókè ọ̀run kó tó lè dé ara bébà. Ọta àárín ń lọ ní tiẹ̀ jẹ́jẹ́, ó lọ, ó sì débẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni fa wàhálà.

Ó wá ku agbára. Wọ́n to jálá omi oníke mẹ́fà tẹ̀lé ara wọn lórí ilẹ̀, kí ọta gba inú ọ̀kan bọ́ sí inú èkejì títí agbára ẹ̀ á fi tán. Kékeré fọ́ méjì, ó dúró sínú ìkẹta. Àárín fọ́ mẹ́rin. Ó wá kan ńlá. Alága, tó jẹ́ pé ó fẹ́ rí i dáadáa, sún mọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Gbòà! Jálá márùn-ún túká lẹ́ẹ̀kan náà, omi gòkè, omi sọ̀ kalẹ̀, gbogbo ẹ̀ sì balẹ̀ sára ṣẹ́ẹ̀tì funfun Alága. Dókítà eléyín dúró síbẹ̀, omi ń kán nímú ẹ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó ò mọ̀ bóyá kí àwọn rẹ́rìn-ín tàbí kí àwọn bẹ̀bẹ̀. Bàbá Gbòà ti bẹ̀rẹ̀ sí jó ní tiẹ̀.

"Àbí mi ò sọ ọ́? Àṣẹ ló ń pa. Alága pàápàá ti gbọ́ àṣẹ."

Ẹ̀rín pa gbogbo wọn. Alága fún ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀ gbẹ, ó ní ó pẹ́ tí òun ti ń sọ fún èèyàn pé kí wọ́n máa fi omi ṣan ẹnu, òun ò mọ̀ pé wọ́n á ṣan òun lódindi. Ọjọ́ náà dùn. Tí gbogbo ìdánwò bá ń rí bẹ́ẹ̀ ni, kò sí ẹni tí ì bá máa sá fún un.

Ìyá Rúlà kó bébà wọlé, ó tan iná, ó bẹ̀rẹ̀ sí wọn wọ́n. Ti Alága ò yàtọ̀ púpọ̀ síra wọn, ọta tó wù kó jẹ́, bákan náà ló ń yìn ín. Ti Géńdé ò dáa, ti ọta ńlá ló sì burú jù níbẹ̀. Ó wá kan ti bàbá ẹ̀. Ó gbé bébà ọta kékeré tí wọ́n yìn ní igba mítà síwájú. Ihò mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló kóra jọ sójú kan, àtẹ́lẹwọ́ ọmọ ọdún mẹ́ta lè bò wọ́n. Ó gbé ti ọta ńlá. Ó wò ó, ó tún un wò. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n da àgbàdo fún adìyẹ.

Ó gbé rúlà sílẹ̀. Ọkùnrin kan náà, awò ojú kan náà, atẹ́gùn kan náà, àárín wákàtí kan. Ojú tó kó mẹ́wàá jọ báyìí kì í ṣe ojú tó ti bàjẹ́. Ọwọ́ náà ò gbọ̀n. A jẹ́ pé nǹkan mìíràn ló ń ṣe bàbá òun, tó sì jẹ́ pé ìbọn ńlá yẹn nìkan ló ń fà á. Inú ẹ̀ dùn, ọkàn ẹ̀ sì já lẹ́ẹ̀kan náà. Ó pe Bàbá wọlé, ó tẹ́ bébà méjèèjì síwájú ẹ̀.

Bàbá wò wọ́n. "Rúlà rẹ ti tẹ̀," ló wí, ó sì jáde.

Ìyá Rúlà ò bá a jiyàn, ilé àwọn òbí ẹ̀ ló gbà lọ. Ìyá ẹ̀ ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́. Ó ṣàlàyé ohun tó rí fún un. Màmá ń fi áyọ́ọ̀nù lọ ojú kan náà ṣáá títí aṣọ fi fẹ́ máa rùn.

"Màmá, kí lẹ mọ̀?"

"Ó ní kí n má sọ."

"Màmá."

Màmá gbé áyọ́ọ̀nù náà dúró. "Èjìká ọ̀tún ẹ̀ ni. Láti ọjọ́ tó ti orí àkàbà jábọ́ ní pápá, ó ti pé ọdún méjì. Gbogbo ìgbà tó bá yin ìbọn yẹn, ó máa ń ta á níbẹ̀ bíi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ojú ibẹ̀ dúdú bí ẹ̀dọ̀. Èmi ni mò ń fi òróró pa á fún un. Ó ní tí o bá gbọ́, wàá kọ ọ́ sínú ìwé."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Ìyá Rúlà dé egungun. Ó jókòó sórí àga tí wọ́n kó aṣọ sí. Ẹ wo irú ayé tí èèyàn ń jẹ: o ń sòótọ́ fún ọdún méjìdínlógún, bàbá rẹ á wá máa fi ìrora pamọ́ fún ọ bí ẹni tó jí nǹkan.

Ó ti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ báyìí, gbogbo ayìnbọn ló mọ̀ ọ́n. Ara tó ti mọ̀ pé ìyà ń bọ̀ kì í dúró dè é. Kí ìka tó fa ìbọn, èjìká á ti fà sẹ́yìn, ojú á ti dì, ẹnu ìbọn á ti yẹ̀ sísàlẹ̀. Ẹni tó ń ṣe é kì í mọ̀, torí ariwo ìbọn máa ń bò ó mọ́lẹ̀. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara ẹ̀. Ọgbọ́n kan ṣoṣo ló wà fún un, Bàbá Gbòà ló sì fi ń wo akẹ́kọ̀ọ́ sàn láti ogójì ọdún: ọta òkú. Ọta tí kò ní ẹ̀tù nínú ni. Bàbá á fi ọ̀kan sáàárín ọta gidi, kò ní sọ fún akẹ́kọ̀ọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ á yin ìkíní, ìkejì, tó bá di ti òkú, ìbọn á ṣe "tík" lásán, kò sí ariwo, kò sí ìtapá, akẹ́kọ̀ọ́ á wá fojú ara ẹ̀ rí bí ẹnu ìbọn ṣe dọ̀bálẹ̀. Kò sí ẹni tó ń jiyàn lẹ́yìn ìyẹn.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Bàbá wá múra sílẹ̀ fún ìdánwò ọjọ́ kejì. Àwọn méjèèjì nìkan ló wà ní pápá, Ìyá Rúlà sì rí i dájú pé bẹ́ẹ̀ ni, torí bí àgbà bá fẹ́ rí ìhòòhò ara ẹ̀, kò yẹ kí èrò wà níbẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n máa bá yín ki ọta." Bàbá ní ó dáa.

Gbòà. Gbòà. Gbòà. Gbòà.

Ìkarùn-ún, tík.

Ẹnu ìbọn náà já wálẹ̀ bí orí ẹni tí oorun gbé lórí àga. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan iyanrìn. Bàbá dúró bó ṣe wà, ojú ẹ̀ wà lára ẹnu ìbọn tó ti dọ̀bálẹ̀ síwájú ẹ̀. Nígbà tó pẹ́, ó tú ọta òkú náà jáde, ó fi í sí àtẹ́lẹwọ́.

"Ta ló kọ́ ẹ ní ìyẹn?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá."

Kò bú u. Ì bá tiẹ̀ sàn kó bú u. Ó kó ìbọn sínú àpótí, ó tì í, ó gba ẹnu ọ̀nà jáde láìwẹ̀yìn. Ìyá Rúlà wọ yàrá ẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó sunkún, ojú tó fi ń wọn ihò ò ríran mọ́. Ó dá ara ẹ̀ lẹ́bi. Ó ní kí ni òun ń wá gan-an? Kí bàbá òun wà ní pápá ni, òun sì ti lé e jáde fúnra òun.

Nígbà tó di ọ̀sán, ìyá ẹ̀ pè é lórí fóònù.

"Kí lo ṣe fún bàbá ẹ?"

"Màmá, ẹ má bínú."

"Kò jẹun. Ó gbé dígí ńlá mi wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Kí ni ọkùnrin àádọ́rin ọdún fẹ́ fi dígí ṣe?"

Gbogbo òru ọjọ́ yẹn, Ìyá Rúlà ò fojú kan oorun.

Ní ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́sàn-án ò tíì lù tí èrò ti kún. Àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó méjìlá wá, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wá, obìnrin tó ń ta búrẹ́dì pàápàá sọdá títì. Màmá, tí kò dé pápá láti ọdún mẹ́wàá, jókòó sórí àga oníke pẹ̀lú awò òòrùn lójú bí ìyàwó ààrẹ. Ìyá Rúlà sọ fún Alága pé kí ẹlòmíràn wọ̀n ọ́n lónìí, torí bàbá òun ni. Alága ní rárá o, tí ẹlòmíràn bá wọ̀n ọ́n, ta ló fẹ́ gbà á gbọ́?

Bàbá Gbòà wọlé. Ọwọ́ òfìfo ló wà.

"Ìbọn yín dà?" Alága bi í.

"Ó wà nílé."

"Ṣé ẹ gbàgbé ẹ ni?"

Gbogbo ènìyàn ti ń múra ẹ̀rín sílẹ̀, torí wọ́n mọ̀ pé Bàbá kì í wá ọ̀rọ̀ yẹ̀yẹ́ tì. Bàbá ṣí fìlà.

"Mi ò gbàgbé ẹ," ló wí. "Ó ń dẹ́rù bà mí ni."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Bàbá ń bá ọ̀rọ̀ ẹ̀ lọ, ohùn ẹ̀ ò ròkè, kò sì lọ sílẹ̀. "Ó ti pé ọdún méjì. Kí n tó fà á, ara mi á ti sá. Ọmọ mi fi hàn mí lánàá, ó dùn mí débi pé mi ò lè jẹun. Mo gbé ìbọn tí kò lọ́ta, mo gbé dígí síwájú, mo ń wo ara mi. Òótọ́ ni. Bí mo ṣe dàgbà tó yìí, èmi ni mò ń dọ̀bálẹ̀ fún ìbọn."

Ìyá Rúlà fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Kò mọ ibi tó fẹ́ fojú sí. Ó wá rí ọwọ́ kan tó nà sókè lẹ́yìn, ọwọ́ ńlá, bí ọwọ́ ọmọ iléèwé.

"Bàbá," Géńdé wí. "Èmi náà."

"Ìwọ náà báwo?"

"Ìbọn ńlá yẹn. Ó ń bà mí lẹ́rù. Tí mo bá fẹ́ fà á, mo máa ń dijú, mo sì máa ń pe orúkọ ìyá mi."

Ẹ̀ṣọ́ mìíràn ní òun máa ń sọ pé inú ń run òun. Òmíràn ní òun ń mọ̀ọ́mọ̀ gbàgbé ọta sílé. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run, àfi ìgbà tí àgbà kan kọ́kọ́ gbé ọwọ́ lé ikùn. Kó tó di pé èèyàn mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ariwo ẹ̀rín ti sọ, àwọn ọkùnrin gìdìgbà ń fi ìbẹ̀rù wọn dá ara wọn lóhùn.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi látọjọ́ yìí?" Bàbá bi Géńdé.

"Ta ni mo fẹ́ sọ fún? Bàbá Gbòà?"

Bàbá ní, "Wá síbí." Ó fi ọwọ́ ara ẹ̀ tún èjìká Géńdé ṣe, ó ní kó tẹ orúnkún díẹ̀, kó mí sínú, kó jẹ́ kí ìdí ìbọn wọlé dáadáa kó tó ronú kan ìka. Àwọn mọ́kànlá yòókù sún mọ́ wọn, wọ́n yí i ká. Ó ti ń wọ inú ẹ̀kọ́ lọ nígbà tí Alága fọwọ́ kan aago ọwọ́ ẹ̀.

"Bàbá, ẹ dákun, ìdánwò yín."

"Ìdánwò wo?" Bàbá wí, ó wá rántí. Ó yíjú sí ọmọ ẹ̀. "Fún mi ní ti àárín."

Ìyá Rúlà ka ogún ọta àárín sí àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó gbé ìbọn tó ń lò ó fún un. Bàbá dùbúlẹ̀ sójú ìlà, ó mí, ó yìn ín. Kò dún gbòà, pàù ló dún, obìnrin oníbúrẹ́dì ní òun ò mọ aago tó lù. Ẹnu ìbọn dúró bí igi. Ó yin ìkejì, ó dúró. Màmá ń fi ìka kà á lórí itan. Ìyá Rúlà kọ́kọ́ kọ̀ láti wò ó, ó wá wò ó, kò sì lè gbójú kúrò mọ́. Èjìká bàbá ẹ̀ tó ti le láti ọjọ́ yìí, ó rọ̀ wọ̀ọ̀. Ó ti pẹ́ tó rí i kó máa yìnbọn bí ẹni tó ń gbádùn ẹ̀.

Ìgbà tó tó ogún, Bàbá gbé ìbọn sílẹ̀. Ìyá Rúlà mú rúlà. Igba mítà ò jìnnà, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ó dà bí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rin lọ sílùú òkèèrè, gbogbo wọn sì ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ó dúró síwájú bébà. Ó kà á. Ó tún un kà. Mẹ́tàdínlógún wà nínú òbìrìkítí. Méjì jáde. Ọ̀kan jókòó sórí ìlà gan-an.

"Ti orí ìlà yẹn, wọlé ni," Alága wí. "Kọ méjìdínlógún."

Ìyá Rúlà gbé rúlà sí i, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. "Àárín ihò náà wà níta."

"Obìnrin yìí, bàbá rẹ mà ni."

"Má kọ ọ́," Bàbá wí lẹ́yìn wọn. "Tó bá wà níta, ó wà níta."

Mẹ́tàdínlógún ló kọ. Alága fọwọ́ sí i. Ariwo ayọ̀ tó sọ lórí pápá yẹn, ọta ńlá ò lè dún tó o. Géńdé gbé Màmá pẹ̀lú àga oníke ẹ̀ sókè, Màmá di awò òòrùn ẹ̀ mú, ó ní kí wọ́n sọ òun kalẹ̀, kò sì fẹ́ kí wọ́n sọ òun kalẹ̀ rárá. Alága wá bèèrè pé ọta wo wá ni kí òun kọ fún àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó, torí ìyẹn gan-an ló mú gbogbo àwọn débí. Bàbá ò jẹ́ kí ọmọ ẹ̀ dáhùn.

"Àárín ni kí wọ́n rà. Ó ń lọ síbi tí wọ́n rán an, ó ń dé ọ̀nà jíjìn, ó sì lágbára tó fún ìmàdò. Ńlá lágbára jù ú lọ lóòótọ́. Àmọ́ ọta tó ba ẹni tó ń yìn ín lẹ́rù, ìmàdò ò ní í bẹ̀rù ẹ̀."

Ìyá Rúlà kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́. Ó ti ìwé pa. Ní gbogbo ọdún méjìdínlógún tó ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kò tíì dì mọ́ ayìnbọn kankan rí, ìbáà jẹ́ bàbá ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ó ń ṣègbè. Ó ju rúlà sínú koríko, ó dì mọ́ ọn pẹ̀lú gbogbo agbára ẹ̀.

"Rọra," Bàbá wí sí i létí. "Èjìká ọ̀tún yẹn ń dùn mí."

Ọdún méjì ló ti ń dùn ún. Òní ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún un.